Anna Hinderer: Bí Ìlú Ìbàdàn Ṣe Di Ilé fún Àjèjì

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu wa, àwọn ọmọ ìjọ wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà àti ní àwọn ìlú ńlá mìíràn lókè òkun sì máa ń fi tu ara wọn nínú nígbà tí ọkàn wọn bá fà sí ilé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan fara pamọ́ sínú òwe náà. Bí ènìyàn bá pẹ́ ní àjò, tí ó bá àwọn ará ibẹ̀ jẹ, tí ó bá wọn mu, tí ó bá wọn tọ́ ọmọ wọn, tí ó sì bá wọn sin òkú wọn, níbo ni ilé rẹ̀ wà gan-an? Ìgbésí ayé Ìyáàfin Anna Hinderer, obìnrin aláwọ̀ funfun àkọ́kọ́ tí ó fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé, yóò ràn wá lọ́wọ́ láti ro ìbéèrè náà jinlẹ̀.

Orúkọ Anna Hinderer kì í ṣe tuntun létí àwọn ọmọ Ìjọ Áńgílíkà, pàápàá jù lọ ní Ìbàdàn. A mọ̀ pé òun àti ọkọ rẹ̀, Àlùfáà David Hinderer, ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ìjọ St. David's lélẹ̀ ní Kúdẹtì, àti pé ọwọ́ wọn ni ẹ̀kọ́ ìwé ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlú náà ní ọdún 1853. Ohun tí a kì í sábà sọ ni bí ọkàn obìnrin yìí ṣe ń yí padà sí ìlú tí ó gbé. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó àwọn lẹ́tà àti ìwé ìrántí rẹ̀ jọ, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n jáde ní ọdún 1872. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ tẹ̀ lé ìtàn rẹ̀ yóò rí i pé ìfẹ́ rẹ̀ sí Ìbàdàn kò dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó dàgbà díẹ̀díẹ̀, ó sì ná an ní ohun púpọ̀.

ỌMỌ TÍ ÌYÁ RẸ̀ KÚ

Ọjọ́ 19, oṣù kẹta, ọdún 1827 ni a bí Anna Martin ní Hempnall, abúlé kan ní ẹkùn Norfolk, ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún márùn-ún péré ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ní ọdún 1839 ó lọ sí Lowestoft, ìlú etí òkun, láti máa gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà àti àǹtí rẹ̀. Níbẹ̀ ni ojú àánú Olúwa ti ṣí sí i. Àlùfáà ìjọ ìlú náà, Francis Cunningham, àti ìyàwó rẹ̀ Richenda, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ìyá Elizabeth Fry tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí iṣẹ́ àánú láàrin àwọn ẹlẹ́wọ̀n, fà á mọ́ra, wọ́n sì gbà á sílé bí ọmọ wọn.

Ọmọdébìnrin ni nígbà tí ó tọrọ àyè láti máa kó àwọn ọmọ tálákà aláṣọ yíya jọ ní ọjọ́ Ìsinmi, kí ó lè máa kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Díẹ̀ ni wọ́n níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ọdún mélòó kan, iye àwọn tí wọ́n ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ti ju igba lọ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú ti di ẹni tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń rọ̀ mọ́. Kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Láti kékeré ni èrò àtilọ sí ilẹ̀ òkèèrè fún iṣẹ́ Ìhìnrere ti wà ní ọkàn rẹ̀. Ní ọdún 1852 ó bá David Hinderer pàdé, ọmọ ilẹ̀ Jámánì láti agbègbè Württemberg, òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ CMS, tí ó ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá láti ọdún 1849. Ní ọdún 1851 David ti lo oṣù mélòó kan ní Ìbàdàn, ohun tí ó rí níbẹ̀ sì mú kí ó pinnu láti padà lọ gbé láàrin wọn. Àwọn méjèèjì ṣe ìgbéyàwó ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 1852. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ní àkókò yìí Anna ti fẹ́ràn Ìbàdàn kí ó tó rí i. Ẹ jẹ́ kí a má fojú kéré irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí òun ni ó ń gbé ènìyàn kúrò nílé. Síbẹ̀, ìfẹ́ tí kò tíì náni ní nǹkan kan ni. Ìlú tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà náà jẹ́ ìlú inú ìtàn, ìlú inú àdúrà. Ìlú gan-an ṣì wà níwájú.

ÌLÚ ÀWỌN JAGUNJAGUN

Ibà kí i káàbọ̀ kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Àwọn kan tí wọ́n jọ rin ìrìn-àjò náà kú láàrin oṣù díẹ̀ tí wọ́n dé ilẹ̀ Yorùbá. Láti Èkó wọ́n gba Abẹ́òkúta, wọ́n sinmi díẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí ó sì di òpin oṣù kẹrin, ọdún 1853, wọ́n wọ Ìbàdàn.

Irú ìlú wo ni Ìbàdàn jẹ́ nígbà náà? Ibùdó ogun ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829, nígbà tí rògbòdìyàn tí ó tú Ọ̀yọ́ Ilé ká ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di aláìnílé. Kò ní ọba aládé. Akọni ni ń jẹ oyè níbẹ̀, láìwo ibi tí bàbá rẹ̀ ti wá. Àwọn àlejò tí wọ́n dé ibẹ̀ ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn fojú díwọ̀n iye àwọn olùgbé rẹ̀ sí láàrin 60,000 àti 150,000. Orí òkè àti àfonífojì ni àwọn ilé tẹ́ lọ bẹẹrẹ. Hempnall tí wọ́n bí Anna sí àti Lowestoft tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà kò tó ìdá kan nínú rẹ̀.

Ariwo gba ìgboro ní ọjọ́ tí wọ́n wọlé. Tọkùnrin tobìnrin, tàgbà tọmọdé, tú jáde láti wá wo obìnrin aláwọ̀ funfun. Wọ́n tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà, ọjọ́ pípẹ́ sì ni wọ́n fi ń wá wò ó. Ilé alámọ̀ tí òrùlé rẹ̀ kò ga ni tọkọtaya náà kọ́kọ́ gbé. Láìpẹ́ wọ́n gba ilẹ̀ ní Kúdẹtì, ní apá gúúsù ìlú, wọ́n sì kọ́ ilé alájà kan tí ọ̀pọ̀ òpìtàn kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Ìbàdàn. Wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí ìlú náà payá fún un. Kò rọrùn níbẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn òbí bẹ̀rù pé ìwé yóò sọ ọmọ di ojo. Nínú ìlú tí agbára apá ti ń gbéni dé ipò, ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré. Ìjòyè kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Olúnlóyọ̀ ni ó la ọ̀nà: ó fa ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé Anna lọ́wọ́. Títí di òní ni orúkọ Yéjídé wà lára ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Ìbàdàn. Àwọn ọmọ mìíràn tẹ̀ lé wọn, ilé Kúdẹtì sì kún. Àwọn kan ń ti ilé wọn wá kàwé, àwọn mìíràn sì ń gbé lọ́dọ̀ òyìnbó gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé. Anna kò bímọ, ṣùgbọ́n Ìyá ni gbogbo ènìyàn ń pè é.

Ayọ̀ ni àwọn oṣù ìbẹ̀rẹ̀ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdánìkanwà wà nínú rẹ̀. Ayọ̀ àlejò ni, ayọ̀ ẹni tí ohun gbogbo ṣì jẹ́ tuntun lójú rẹ̀, tí àwọn onílé sì ń fi ìyanu wò.

NÍGBÀ TÍ OJÚ RẸ̀ LÀ

Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ìlú náà ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn án. Ibà kò fi tọkọtaya náà sílẹ̀. Bí èyí bá dìde, èyíinì á dùbúlẹ̀. Ní ọdún 1855 Ọ̀gbẹ́ni Kefer, tí ó wá ràn wọ́n lọ́wọ́, kú. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ gba Kristi jẹ ìyà: àwọn òbí nà wọ́n, wọ́n so wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n dínà ilé ìjọsìn mọ́ wọn. Anna fi ojú ara rẹ̀ rí àwọn ẹrú tí ogun kó wọ ìlú. Nígbà tí ogun mìíràn sì ń bọ̀, ó wà ní ìlú tí wọ́n ti mú ọkùnrin kan yí ọjà ká kí wọ́n tó fi í rúbọ fún ìṣẹ́gun. Àwọn tí ó ń kí i lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀yàyà, tí ọmọ wọn ń sùn lábẹ́ òrùlé rẹ̀, ni wọ́n wà nínú ogunlọ́gọ̀ tí ń wo ẹbọ náà.

Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń fọ́n sí. Àwọn kan a kórìíra ìlú tí wọ́n ti yìn tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn a di ojú wọn kí wọ́n má bàa rí ohun tí ó burú. Anna kò ṣe èkínní, kò sì ṣe èkejì. Ó sọkún, ó rẹ̀ ẹ́, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kí a sọ òtítọ́ náà tán: gẹ́gẹ́ bí àwọn òjíṣẹ́ ìgbà ayé rẹ̀, ó ka púpọ̀ nínú àṣà wa sí òkùnkùn, kódà àwọn tí a kò ní pè bẹ́ẹ̀ lónìí. Ó ní àbùkù tí àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ ní. Ṣùgbọ́n kò wo àwọn ènìyàn náà fúnra wọn bí òkùnkùn. Orúkọ ni ó mọ̀ wọ́n sí, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìtàn tirẹ̀.

Nígbà tí ó di ọdún 1856, àìsàn lé àwọn méjèèjì padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó rí àwọn tí ó fẹ́ràn ní Lowestoft, ara sì ń tù ú. Ẹni tí ó bá fẹ́ jókòó níbẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi. Síbẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 1858, wọ́n ti tún wà ní Ìbàdàn. Wíwá ẹ̀ẹ̀kejì yìí kò dà bí ti àkọ́kọ́. Nígbà àkọ́kọ́, ìlú inú àdúrà ni ó ń lọ. Ní báyìí, ó mọ ibà ibẹ̀, ó mọ ibojì ibẹ̀, ó mọ àwọn ọmọ tí ń retí rẹ̀, ó sì fi ojú tí ó là yàn án.

ỌDÚN TÍ Ọ̀NÀ DÍ

Ní ọdún 1859 Aláàfin Àtìbà wàjà. Ọmọ rẹ̀, Arẹ̀mọ Adélù, gorí ìtẹ́. Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, kọ̀ láti gbà á, nítorí àṣà àtijọ́ ni pé Arẹ̀mọ a máa bá bàbá rẹ̀ kú. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Aláàfin tuntun, Ẹ̀gbá sì gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ní ọdún 1860 ogun bẹ́. Kúrunmí kú ní ọdún 1861. Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹta, ọdún 1862, Ìjàyè fọ́. Ìfọ́ Ìjàyè kò sì parí ogun náà, ó tún ń jà títí di ọdún 1865.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ilé Kúdẹtì ni pé ọ̀nà dí. Abẹ́òkúta ni owó, oúnjẹ, oògùn àti lẹ́tà wọn ń gbà wá láti Èkó, Ẹ̀gbá sì ti di ọ̀tá Ìbàdàn. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú náà kò ṣe é gbà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún márùn-ún tí wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀.

Owó ẹyọ tán lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun ìní wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: aṣọ ìbora, agolo tí ó ti ṣófo, páànù tí wọ́n tú kúrò lára àpótí. Ìgbà kan wà tí ó jẹ́ pé ẹ̀wà pẹ̀lú epo pupa díẹ̀ ni oúnjẹ òòjọ́ wọn, iyọ̀ sì di ohun ọ̀wọ́n. Kì í ṣe ẹnu méjì ni wọ́n ń bọ́. Agbo ọmọ ni ó wà nínú ilé náà. Anna kò lé ọmọ kankan jáde nítorí ebi.

Ní àwọn ọdún ebi wọ̀nyí ni ìyípadà tí ó jinlẹ̀ jù lọ ṣẹlẹ̀. Títí di ìgbà náà, bí ó ti wù kí ó fẹ́ràn ìlú tó, òyìnbó tí ó ní ìtìlẹ́yìn láti òkè òkun ni. Òun ni ń fúnni. Nígbà tí ọ̀nà dí, òun náà di ẹni tí a ń fún, tí ń yá owó ẹyọ, tí ń retí àánú aládùúgbò, tí ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ọmọ yóò jẹ lọ́la. Àwọn ìjòyè Ìbàdàn kò fi ọwọ́ kan wọn ní gbogbo ọdún ogun náà, àwọn ará ìlú sì ṣàánú wọn. Ìyá aláwọ̀ funfun mọ ohun tí àwọn ìyá yòókù ní Ìbàdàn mọ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí yóò mú wa rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àwọn òjíṣẹ́ CMS tí wọ́n wà ní Abẹ́òkúta gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbá nínú ìjà náà, David Hinderer sì ń gbèjà Ìbàdàn. Òyìnbó ń bá òyìnbó jiyàn lórí ọ̀rọ̀ àwa Yorùbá, olúkúlùkù ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìlú tí ó gbé! Ìgbà yìí kan náà ni David jókòó láti túmọ̀ ìwé John Bunyan sí èdè wa, èyí tí a mọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Ìwé nípa ẹni tí ó kúrò ní ìlú kan tí ó ń wá ìlú mìíràn ni, a sì túmọ̀ rẹ̀ nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò lè jáde kúrò nínú rẹ̀.

ALẸ́ TÍ WỌ́N NÍ KÍ Ó LỌ

Ní oṣù kẹta ọdún 1865, àwọn ọmọ ogun Glover, aláṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, lé àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n dó ti Ìkòròdú. Àyè ṣí díẹ̀. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, Glover rán Ọ̀gágun Maxwell pẹ̀lú àwọn ọkùnrin mélòó kan gba inú igbó lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n gbé aṣọ ìgbérù dání, irú èyí tí a so mọ́ ọ̀pá tí a fi ń gbé aláìsàn lé èjìká. Ara Anna ti bàjẹ́ púpọ̀ nígbà náà. Ìròyìn tí wọ́n mú wá kò gùn: ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé wọn, wákàtí díẹ̀ ni ó sì ní láti múra.

Ẹ rò ó wò. Fún ọdún márùn-ún ni ó ti ń gbàdúrà pé kí ọ̀nà là. Ọ̀nà wá là lóru, ohun tí ó sì ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí ó fi ọkọ rẹ̀ àti gbogbo àwọn ọmọ wọ̀nyẹn sílẹ̀. David kò lè lọ lọ́jọ́ náà, nítorí kò sí ẹni tí yóò fa iṣẹ́ lé lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí Anna bá dúró, ó ṣeé ṣe kí ó kú. Bí ó bá lọ, kò mọ̀ bóyá yóò tún rí wọn mọ́. Ó gba ìmọ̀ràn, ó lọ, àwọn tí ó fi sílẹ̀ sì sọkún. Wọ́n gbé e gba inú igbó títí dé Èkó, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí David tẹ̀ lé e.

Kò sí ìgbà tí a lè fi mọ ibi tí ilé ènìyàn wà tó ìgbà tí a bá fà á tu. Obìnrin tí ó kúrò ní Lowestoft ní ọdún 1852 lọ pẹ̀lú ayọ̀ ọjọ́ iwájú. Obìnrin tí wọ́n gbé kúrò ní Kúdẹtì ní ọdún 1865 ń lọ sí ilẹ̀ tí a bí i sí bí ẹni tí ń lọ sí àjò.

ÀJÈJÌ NÍ ILẸ̀ RẸ̀

Bí okun ti padà sí ara wọn díẹ̀, wọ́n tún kọrí sí ìlú náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1867 wọ́n dé Ìbàdàn ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Àwọn tí wọ́n wá pàdé wọn lójú ọ̀nà kì í ṣe àwọn tí ń wá wo òyìnbó bí ohun ìyanu mọ́. Ọmọ àti ará ni wọ́n, àwọn mìíràn nínú wọn ti di ọkọ àti aya, olùkọ́ àti olórí ìjọ. Ní ọdún kan náà, wọ́n lé àwọn òyìnbó oníwàásù kúrò ní Abẹ́òkúta nínú rògbòdìyàn tí àwọn Ẹ̀gbá ń pè ní Ifọ́lé. Ìbàdàn kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ara kò gbà mọ́. Ní ọdún 1869 tọkọtaya náà fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá. Ìjọ mẹ́ta ni wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀: Kúdẹtì, Arẹ̀mọ àti Ògùnpa. Wọ́n fi iṣẹ́ náà lé Daniel Olúbí lọ́wọ́, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó ti wà lọ́dọ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. A fi Olúbí joyè díákónì ní ọdún 1871. Nínú agbo ilé Kúdẹtì yìí kan náà ni Samuel Johnson ti dàgbà, ọmọ olùkọ́ tí ó ti Sàró wá bá àwọn Hinderer ṣiṣẹ́, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn ńlá àwa Yorùbá nígbẹ̀yìn.

David gba iṣẹ́ igbákejì àlùfáà ní Martham, abúlé kan ní Norfolk, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n bí Anna sí. Kò sí ohun tí ó ṣàjèjì níbẹ̀. Èdè rẹ̀ ni wọ́n ń sọ, ojú ọjọ́ tí ó mọ̀ láti kékeré ni, oúnjẹ sì wà. Ó tún kó àwọn ìyá àti ọmọ abúlé náà jọ bí ìṣe rẹ̀, títí ara fi kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti gbé àárín ariwo Ìbàdàn fún ọdún wọ̀nyẹn, tí ọmọ ti kún ilé rẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, kì í padà bọ́ sínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ abúlé láìní ọgbẹ́ lọ́kàn. Ọjọ́ 6, oṣù kẹfà, ọdún 1870 ni ó sùn nínú Olúwa. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni.

David tún padà wá sí ilẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ní Lẹ́kẹ̀ àti Oǹdó, kí ó tó padà sílé. Ó kú ní ọdún 1890. Ní ti Ìbàdàn, nígbà tí ó di Dáyósíìsì ní ọdún 1952, ọmọ ìlú náà, Alexander Babátúndé Akínyẹlé, ni Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌJỌ

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní ìlú àjèjì, ìtàn yìí kan yín tààrà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti la ipa ọ̀nà kan náà kọjá: ìfẹ́ tí ẹ fi lọ kí ẹ tó mọ ìlú náà, ìjákulẹ̀ nígbà tí òtútù, owó ilé àti ìwà àwọn ènìyàn fi ojú wọn hàn, àti ọdún tí ẹ ń ka ọjọ́ tí ẹ ó padà. Wòlíì Jeremáyà, ní orí kọkàndínlọ́gbọ̀n ìwé rẹ̀, kọ̀wé sí àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n sì máa wá àlàáfíà ìlú tí a kó wọn lọ. Ìlú tí kò fẹ́ràn wọn ni, síbẹ̀ a ní kí wọ́n máa gbàdúrà fún un. Ohun tí Anna ṣe nìyẹn. Kò dúró kí Ìbàdàn dára tán kí ó tó fẹ́ràn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ méjì, ó sì mọ orúkọ wọn. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ aládùúgbò rẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ojú ọ̀nà ni ó ṣì wà, kò tíì dé.

Ẹ̀yin àlùfáà tí a gbé lọ sí ibi tí ẹ kò mọ ẹnikẹ́ni, ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí ọkàn yín bá ń lọ sókè sódò. Ẹni tí ó kún fún ayọ̀ lóṣù àkọ́kọ́ lè kún fún ìkùnsínú lọ́dún kejì, kì í sì í ṣe àmì pé Ọlọ́run kò rán an ni. Bí ẹ bá di aláìní láàrin àwọn ènìyàn yín, ẹ má tijú láti gba oore lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀wà àti epo ni ó sọ Ìyá Kúdẹtì di ará ilé.

Àwa tí a wà nílé náà ní ẹ̀kọ́ tiwa. Àlejò pọ̀ nínú àwọn ìlú wa lónìí, láti ìpínlẹ̀ mìíràn àti láti orílẹ̀-èdè mìíràn, tí wọ́n ń ta ọjà, tí wọ́n ń kọ́lé, tí wọ́n ń gbàlẹ̀ ní ìgboro. Bí àwọn baba wa tí kò tíì gbọ́ Ìhìnrere bá lè pe obìnrin àjèjì ní Ìyá, tí wọ́n fi ọmọ wọn lé e lọ́wọ́, tí wọ́n sì dá a sí nígbà ogun, kí ni àwíjàre àwa tí a ń jẹ Ara Olúwa pa pọ̀?

Ilẹ̀ Martham ni ara Anna Hinderer wà títí di òní. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ohun tí ó fi ayé rẹ̀ ṣe, Kúdẹtì ni yóò lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí àwọn ọmọdé bá ń wọlé. Kí Olúwa fún olúkúlùkù wa ní ọkàn tí ó lè nífẹ̀ẹ́ ibi tí Ó bá gbé wa kalẹ̀ sí, títí a ó fi dé ìlú tí Òun fúnra rẹ̀ kọ́. Àmín.